WhatsApp láàárín òbí àgbà àti ọmọ ọmọ: ibi tó ti dáa àti ibi tó kù sí

Ọmọ tí ilé ìyá àgbà rẹ̀ jìnnà, ojú fóònù ló ti ń mọ̀ ọ́n. Ohun tí a gbé yẹ̀ wò níbí ni WhatsApp, pàápàá ìpè fídíò rẹ̀ àti ohùn tí a gbà sílẹ̀ tí a fi ránṣẹ́, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní voice note, gẹ́gẹ́ bí irinṣẹ́ tí òbí àgbà fi ń bá ọmọ ọmọ wọn gbé láti òkèèrè. A ò yẹ̀ ẹ́ wò lójú oníṣòwò, a ò sì yẹ̀ ẹ́ wò lójú ọ̀dọ́ tó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tàkúrọ̀sọ. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni pé: ṣé àgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì lè dá a lò? Ṣé ọmọ ọdún mẹ́ta lè rí nǹkan dì mú níbẹ̀? Tí ìpè bá sì ti parí, kí ló kù lọ́wọ́ ọmọ?

Bí a bá ní ká fún un ní máàkì, ìpè fídíò gba 7 nínú 10, voice note gba 9. Ìpè fídíò náà dáa, ó sì rọrùn ju ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, àmọ́ bó ṣe máa ń wà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e sórí fóònù, àgbàlagbà méjì tó ní ọ̀rọ̀ láti sọ ni wọ́n ṣe é fún. Ó dìgbà tí ẹ bá tún un tò kí ó tó wúlò fún àgbà àti ọmọdé. Voice note ní tiẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé kì í kà á sí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń ṣe iṣẹ́ tí òbí àgbà wà fún.

Ìdí tó fi jẹ́ WhatsApp

Ìdí àkọ́kọ́ ni pé ó ṣeé ṣe kó ti wà lórí fóònù àgbà náà tẹ́lẹ̀. Nọ́ńbà fóònù ló fi ń dá ènìyàn mọ̀, nítorí náà kò sí ọ̀rọ̀ aṣínà tí àgbà máa tẹ̀ lójoojúmọ́. Ìpè fídíò ti wà lórí rẹ̀ láti 2016, kò sì sí aago tó ń ká ènìyàn lọ́wọ́ kò. Zoom ọ̀fẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀: tó bá ti pé 40 ìṣẹ́jú, ó ti já nìyẹn, ìgbà yẹn gan-an sì lè jẹ́ ìgbà tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn ìtàn. Google Meet ọ̀fẹ́ máa ń fún ènìyàn mẹ́ta sókè ní 60 ìṣẹ́jú, ó dára fún ọjọ́ tí gbogbo ẹbí bá fẹ́ péjọ, kì í ṣe fún ìpè ojoojúmọ́.

FaceTime lẹ́wà, àwòrán rẹ̀ sì mọ́, bí ìhà méjèèjì bá ń lo ẹ̀rọ Apple. Láti 2021 ni ẹni tó ń lo Android ti lè wọlé láti orí líǹkì, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò lè pe ẹnikẹ́ni, ó di ìgbà tí wọ́n bá fi líǹkì ránṣẹ́ sí i. A ò fara mọ́ èyí fún òbí àgbà. Àgbà tí kò lè pe ọmọ ọmọ rẹ̀ nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá fà sí i, àlejò ló jẹ́ nínú ìpè náà.

Ẹ kíyè sára pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ìpè fídíò nìkan. Facebook gbé ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Portal jáde ní 2018, ó dùn ún lò fún àgbà gan-an, àmọ́ ní 2022 ni wọ́n pinnu pé àwọn ò ṣe é fún ará ilé mọ́. Skype náà, tí ọ̀pọ̀ òbí àgbà ti mọ̀ bí ẹní mowó, kógbá wọlé ní oṣù karùn-ún 2025. Ohun tí ó gba àgbà ní oṣù mẹ́fà kó tó mọ́ ọn lọ́wọ́, kò yẹ kó jẹ́ ohun tó lè pòórá bẹ́ẹ̀. Bí ojú fóònù bá kéré jù fún àgbà, tábúlẹ́ẹ̀tì lásán tí ẹ so mọ́ WhatsApp fóònù rẹ̀ ló sàn jù. Ẹ lọ sí Linked devices lórí fóònù náà, ẹ jẹ́ kí fóònù wo àmì tó wà lójú tábúlẹ́ẹ̀tì, ó parí. Àkáǹtì kan gba ẹ̀rọ mẹ́rin mìíràn mọ́ fóònù.

Ohun kan tó yẹ kí òbí mọ̀: WhatsApp ní kí ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 13 má ní àkáǹtì tirẹ̀. Fóònù bàbá tàbí ìyá ni ọmọ kékeré máa lò. Àléébù gidi ni, nítorí ọmọ ọdún mẹ́wàá tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ fún ìyá àgbà rẹ̀, ìṣojú òbí rẹ̀ ló ti máa sọ ọ́. Ẹ yọ̀ǹda fóònù fún un, kí ẹ sì kúrò nínú yàrá náà nígbà mìíràn. Ara ohun tí òbí àgbà wà fún ni pé kí ọmọ ní àgbà kan, yàtọ̀ sí òbí, tó lè tú ọkàn rẹ̀ jáde fún.

Bí ẹ ṣe máa tò ó fún àgbà

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi lẹ́tà. Lórí Android, ẹ wọ Settings inú WhatsApp, ẹ tẹ Chats, lẹ́yìn náà Font size, kí ẹ yan Large. Lórí iPhone, bí lẹ́tà fóònù fúnra rẹ̀ bá ṣe tóbi tó ni ti WhatsApp náà máa ṣe tóbi tó, nítorí náà Settings fóònù ni ẹ ó lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí ojú ọmọ wà níbi tí ọwọ́ àgbà ti lè kàn án. Ẹ fi fọ́tò ọmọ náà sí orúkọ òbí rẹ̀ nínú fóònù àgbà tàbí kí òbí fi ṣe fọ́tò WhatsApp tirẹ̀. Lórí Android, ẹ ṣí ojú ìwé ọ̀rọ̀ wọn, ẹ tẹ àmì ẹ̀kán mẹ́ta tó wà lókè, ẹ tẹ More, lẹ́yìn náà Add shortcut. Ojú ọmọ á bọ́ síta lójú fóònù. Kì í pe ènìyàn tààrà o; ojú ìwé ọ̀rọ̀ ló ń ṣí, àgbà á tún tẹ àwòrán kámẹ́rà tó wà lókè. Ẹ bá a dán an wò nígbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ó jẹ́ pé ọwọ́ tirẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá ń gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi hàn án, kò ní mọ̀ ọ́n láéláé.

Ohun tó ń ba WhatsApp àgbà jẹ́ jù kì í ṣe àìmọ̀ọ́lò, bí kò ṣe fóònù tó kún. Fídíò tí àwọn ènìyàn ń tari kiri inú gúrúùpù máa ń wọlé fúnra rẹ̀ títí àyè fi tán. Nígbà tó bá yá, fọ́tò ọmọ ọmọ kò ní ṣí mọ́, àgbà á sì rò pé wọn ò fi ránṣẹ́ sí òun ni. Ẹ lọ sí Storage and data nínú Settings, ẹ wọ Media auto-download, kí ẹ yọ fídíò kúrò pátápátá. Lójú ewé kan náà ni Manage storage wà, ibẹ̀ lẹ ti máa rí àwọn tó tóbi jù tí ẹ lè pa rẹ́. Use less data for calls náà wà níbẹ̀: ẹ tàn án bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń ṣe ségesège. Àwòrán lè ṣú díẹ̀, àmọ́ ó lè dín bí ìpè ṣe ń já kù, ohùn sì lẹ nílò jù.

Etí ńkọ́? Bí àgbà bá ń dàgbà sí i, ìró tó tín-ín-rín ló kọ́kọ́ ń sá fún un, irú bíi s, f àti t. Ohùn ọmọdé sì tín-ín-rín. Ìdí nìyẹn tí bàbá àgbà fi ń gbọ́ gbogbo ohun tí òbí sọ, tí kì í sì í gbọ́ ti ọmọ, tí ó wá ń rẹ́rìn-ín lásán, tí ọmọ náà sì mọ̀ pé kò gbọ́ òun. Bí ẹ bá gbé ohùn fóònù sókè títí, ariwo lásán ni. Íápíìsì olówàyà tó bo etí dáadáa ló ń ràn án lọ́wọ́, tàbí sípíkà tí ẹ gbé sí ìwájú rẹ̀. Bó bá ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, ẹ wò ó bóyá ó lè so mọ́ fóònù, púpọ̀ nínú àwọn tuntun lè ṣe é. Kí ẹ sì kọ́ ọmọ láti kọjú sí fóònù kó tó sọ̀rọ̀, kó má máa sọ ọ́ bó ṣe ń sá lọ.

Ibi tí fóònù dúró sí ṣe pàtàkì ju bí fóònù ṣe wọ́n tó lọ. Ọwọ́ àgbà máa ń gbọ̀n, ó máa ń rẹ̀ ẹ́, fóònù á máa sọ̀ kalẹ̀ títí tó fi jẹ́ pé àgbọ̀n nìkan ni ọmọ ń rí. Ẹ wá nǹkan tó ń gbé fóònù dúró, kí kámẹ́rà bá ojú dọ́gba, kó sì jìnnà tó gígùn apá kan. Fèrèsé níwájú àgbà, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ tó bá wà lẹ́yìn ló ń sọ ojú di dúdú. Ní ti ọmọ, ẹ gbé fóònù sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó fara ti nǹkan, níbi tí ọmọ ti ń ṣeré. Bí ẹ bá dì í mú jókòó síwájú fóònù, kò ní ju ìṣẹ́jú méjì lọ tí á fi máa jà. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ kó máa ṣeré tí àgbà ń wò ó, tí ó ń dá sí i níbi tó bá yẹ, ìpè yẹn lè gùn, ó sì jọ bí òbí àgbà ṣe ń jókòó ti ọmọ lójúkojú.

Bọ́tìnì pupa sì wà níbẹ̀ tí ọwọ́ ọmọ ń fà sí. Lórí iPhone, Guided Access lè mú kí ojú fóònù má gbọ́ràn sí ọwọ́ ọmọ mọ́: ẹ tàn án nínú Accessibility, kí ẹ tẹ bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta nígbà tí ìpè bá ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì pa Touch. Lórí Android, pinning kì í jẹ́ kí ọmọ jáde kúrò nínú WhatsApp, àmọ́ kò dí bọ́tìnì pupa náà. Ẹ gbé fóònù sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ò tó.

Ìpè fídíò láti ọjọ́ orí kan sí òmíràn

Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, American Academy of Pediatrics, sọ ní 2016 pé kí ọmọ tí kò tíì pé oṣù 18 má wo ojú ẹ̀rọ, wọ́n sì yọ ohun kan ṣoṣo sílẹ̀: ìpè fídíò. Ìdí ni pé ẹni tó wà lódìkejì ń dá ọmọ lóhùn. Ìwádìí kan tó jáde ní 2014 fi èyí hàn. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ oṣù 24 sí 30 ní ọ̀rọ̀ ìṣe tuntun. Àwọn tí ènìyàn jókòó tì kọ́ ọ, àwọn tí ènìyàn bá sọ̀rọ̀ lórí ìpè fídíò náà kọ́ ọ, àwọn tó wo fídíò tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ kò kọ́ ọ. Ìdáhùn lásìkò lọmọ fi ń kọ́ nǹkan. Bí ìyá àgbà bá dá ọmọ lóhùn gan-an nígbà tó ké “à!”, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Fún ọmọ ọwọ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ti tó. Kí àgbà fi ọwọ́ bojú, kó ṣí i, kó pe orúkọ ọmọ, kó tún ṣe é. Kó máa lo orin kan náà ní ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo ìpè. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ọmọ á ti mọ̀ pé orin yẹn ti dé, ojú yẹn ń bọ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ ọmọ, tí ó máa sọ ohun tí àgbà ń ṣe: “Màmá ń fi ọwọ́ kí ẹ, ìwọ náà kí wọn.” Láìsí ẹni yẹn, àwòrán tó ń mì ni lójú ọmọ.

Àṣìṣe kan wà tí a máa ń rí ṣáá: kí àgbà àti ọmọ jọ kọrin papọ̀ lórí ìpè. Kò lè bára mu. Ohùn máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé ìhà kejì, ó sì tún ń pẹ́ kó tó padà, nítorí náà ẹni kọ̀ọ̀kan á máa gbọ́ èkejì bí ẹni tó ń fà sẹ́yìn, orin á sì dàrú. WhatsApp kò lè tún èyí ṣe, kò sì sí áàpù ìpè fídíò lásán tó lè tún un ṣe dáadáa. Kí àgbà lé orin, kí ó dákẹ́, kí ọmọ gbè é. Orin alégbè ló bá ìpè fídíò mu. Ohun kan náà ni pẹ̀lú ọ̀rọ̀: kí àgbà sọ gbólóhùn kan, kó ka méjì sínú kó tó sọ òmíràn, nítorí ọmọdé kì í yára dáhùn, ìdádúró ẹ̀rọ sì tún wà lórí rẹ̀.

Láti ọdún méjì sí mẹ́rin, ìbéèrè ló ń pa ìpè. “Báwo ni ilé ìwé?” “Kí lo jẹ?” Ọmọ á ní “ó dáa”, á sì bá tirẹ̀ lọ. Nǹkan ni kí àgbà gbé sójú kámẹ́rà: bọ́tìnì aṣọ tó já, ewé, ìwé alákàwé, àpótí tí ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ọmọ máa mọ̀. Ẹ kọ́ àgbà ní àmì tó ń yí kámẹ́rà padà, kí ọmọ lè rí ohun tó wà níwájú àgbà láìjẹ́ pé àgbà ń tún ọwọ́ yí. Ẹ̀dà ìwé alákàwé kan náà ní ilé méjèèjì sì dára ju ohunkóhun tí áàpù lè ṣe: àgbà ń kà, ọmọ ń ṣí ewé tirẹ̀.

Tó bá ti di ọmọ ọdún márùn-ún sókè, ogún ìṣẹ́jú kò pọ̀ jù. Láti 2023 ni WhatsApp ti ní screen sharing, èyí tó ń jẹ́ kí ẹnì kan fi ojú fóònù rẹ̀ han èkejì nígbà ìpè. Àgbà lè fi ìwé tàbí fọ́tò ìgbà èwe òbí ọmọ hàn án, kó máa sọ ìtàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wúlò gan-an. Àmọ́ gbogbo ohun tó bá wọ fóònù lásìkò yẹn ni òdìkejì ń rí, títí kan àtẹ̀jíṣẹ́ ilé ìfowópamọ́ àti nọ́ńbà àṣírí. Ẹ pa notification kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má sì gba ẹni tí ẹ ò mọ̀ láyè pé kí ẹ fi ojú fóònù yín han òun.

Ọ̀dọ́langba kì í fẹ́ kí ojú òun hàn nígbà gbogbo. Ẹ má fi ìpè fídíò dè é mọ́lẹ̀. Ìpè ohùn nígbà tó ń rìn lọ sílé, tàbí kó máa kọ́ àgbà ní ohun tó mọ̀ lórí fóònù, ń mú kó sọ̀rọ̀ ju bí ẹ bá ní kó jókòó kó wo ojú wọn lọ.

Ẹ mú ọjọ́ àti wákàtí kan pàtó, lẹ́yìn tí ọmọ ti jẹun tí oorun kò sì tíì kùn ún. Bí ẹ bá wà ní orílẹ̀-èdè méjì, ẹ rántí pé àwọn ibì kan máa ń yí aago lẹ́ẹ̀méjì lọ́dún. Wákàtí tó bá yín mu ní oṣù kejì lè bá àkókò oorun ọmọ ní oṣù kẹrin, àgbà á sì máa rò pé wọ́n ń sá fún òun.

Gbájúẹ̀, àti àwòrán ọmọ

Ìfẹ́ tí àgbà ní sí ọmọ ọmọ ni gbájúẹ̀ fi ń mú wọn. Ẹnì kan á fi nọ́ńbà tuntun kọ ọ́ pé, “Màmá, èmi ni, fóònù mi ti bàjẹ́, ẹ bá mi fi owó ránṣẹ́.” Ẹ̀rọ ti wà báyìí tó lè sín ohùn ènìyàn jẹ, nítorí náà ohùn ọmọ nìkan kì í ṣe ẹ̀rí mọ́. Kí ìdílé ní ọ̀rọ̀ kan tí ẹlòmíràn ò mọ̀, tí wọn ò kọ sílẹ̀ níbì kankan nínú WhatsApp. Ẹni tó bá béèrè owó tí kò lè sọ ọ́, kí àgbà gé ìpè, kó sì pe nọ́ńbà àtijọ́.

Nínú Privacy, ẹ wọ Calls, kí ẹ tan Silence unknown callers. Nínú Groups tó wà níbẹ̀, ẹ yan My contacts, kí àjèjì má lè fa àgbà wọ gúrúùpù. Nínú Account, ẹ tan Two-step verification, nọ́ńbà mẹ́fà ló máa béèrè. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ fi pamọ́ sọ́dọ̀ ẹni tí àgbà fọkàn tán, torí WhatsApp máa ń bi í lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kódù mẹ́fà mìíràn tó máa ń wá nípa SMS nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣí àkáǹtì lórí fóònù tuntun, kí àgbà má fún ẹnikẹ́ni láéláé, ì báà jẹ́ ọmọ rẹ̀ lójú ara rẹ̀ ló béèrè lórí ìpè.

Nípa fọ́tò, òbí ló ní àṣẹ. Ìyá àgbà tó gbé fọ́tò ọmọ ọmọ tó ń wẹ̀ sí status rẹ̀ kò ní ibi lọ́kàn, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá ní nọ́ńbà rẹ̀ tí òun náà sì ní tiwọn lè rí i. Ẹ má bá a jà. Ẹ lọ sí Status privacy lórí fóònù rẹ̀, kí ẹ yan àwọn ará ilé nìkan. Ìjà lórí fọ́tò ti dá ọ̀pọ̀ ìpè dúró, ọmọ ló sì ń pàdánù.

Voice note

A dé ibi tí a fẹ́ràn jù. Kò gba kí ọmọ àti àgbà wà lójúfò lásìkò kan náà, kò jẹ dátà tó ìpè fídíò, nẹ́tíwọ́ọ̀kì burúkú kò sì lè ba ohùn rẹ̀ jẹ́; á kàn pẹ́ kó tó dé ni. Ọmọ lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ọmọdé sì fẹ́ràn àgbọ́túngbọ́. Lóòótọ́, kò lè dá ọmọ lóhùn bí ìpè ṣe ń ṣe, fún ọmọ ọwọ́ kò tó. Iṣẹ́ òbí ni láti jókòó tì í, kó dá a dúró láàárín, kó bi ọmọ pé, “Kí lo rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?” Tó bá ti pé ọdún mẹ́rin, ọmọ fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà.

Ohun tí àgbà máa fi sínú rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di nǹkan. Ìkíni lásán máa ń sú ọmọ. Ìtàn tí wọ́n gé sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọ̀kan lálẹ́ kan, tí a dá dúró níbi tó ti dùn jù, kò ní sú u. Ìdáhùn sí ìbéèrè tí ọmọ bi lánàá, pẹ̀lú orúkọ ọmọ nínú rẹ̀. Ìtàn òbí ọmọ nígbà tó wà ní irú ọjọ́ orí ọmọ náà, àti ibi tó ti ṣe àṣìṣe pẹ̀lú: kò sí ẹlòmíràn tó lè sọ èyí fún ọmọ. Ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà, márùn-ún fún àwọn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí àgbà bá ń di máìkì mú títí, ìka á rẹ̀ ẹ́, á sì yọ ọ́ láàárín ọ̀rọ̀, ohun tí kò parí á sì lọ. Kí ó tẹ máìkì mọ́lẹ̀, kó fà á sókè títí dé àmì àgádágodo, lẹ́yìn náà kó tú ọwọ́. Fóònù á máa gba ohùn lọ fúnra rẹ̀. Bó bá fẹ́ sinmi, àmì ìdádúró wà níbẹ̀. Kó gbọ́ ọ kó tó fi ránṣẹ́. Ẹnu kò gbọdọ̀ sún mọ́ fóònù ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èémí á bo ọ̀rọ̀, kí wọ́n sì pa fáànù àti tẹlifíṣọ̀n.

Àmì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà 1 nínú òbìrìkìtì. Kí àgbà má tẹ̀ ẹ́: ohùn yẹn á pòórá lẹ́yìn tí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tún wò ó pé Disappearing messages wà ní Off lójú ìwé ọ̀rọ̀ wọn. Lọ́wọ́ ọmọ, ẹ wo ìyára: 1× ni kó wà. Òbí tó ń kánjú ti lè fi í sí 2×, ohùn ìyá àgbà á wá máa sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Bí ọmọ bá sì gbé fóònù mọ́ etí, ohùn á kúrò ní sípíkà bọ́ sí ti inú, ojú fóònù á ṣú, ọmọ á rò pé ó ti tán. Orí tábìlì ni kí fóònù wà.

Ibi tí WhatsApp ti já wa kulẹ̀ jù ni ìfipamọ́. Voice note kì í bọ́ sínú gálárì bíi fọ́tò. Bí fóònù bá sọnù tí kò sí backup, ìyẹn ẹ̀dà tó wà ní ìpamọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Lórí Android, Google Drive ni backup ń lọ, ó sì ń jẹ nínú 15 GB ọ̀fẹ́ tí Google fún ènìyàn. Lórí iPhone, iCloud ni, 5 GB péré ni ọ̀fẹ́. Tó bá ti kún, backup á dúró, àgbà kò sì ní mọ̀. Nítorí náà ẹ má gbára lé e. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ tẹ voice note kọ̀ọ̀kan tó ṣe pàtàkì mọ́lẹ̀, ẹ tẹ Share, kí ẹ fi í pamọ́ sínú fáìlì, lẹ́yìn náà sórí kọ̀ǹpútà tàbí fláàṣì. Opus ni irú fáìlì náà, bí kọ̀ǹpútà yín ò bá ṣí i, VLC, áàpù tó ń gbé ohùn àti fídíò jáde, á ṣí i. Kí ẹ sì yí orúkọ rẹ̀ padà lọ́jọ́ náà gan-an, ọjọ́, ẹni tó sọ̀rọ̀, àti ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. PTT àti nọ́ńbà gbọọrọ ni WhatsApp ń fi sọ ọ́ lórúkọ lórí Android, ọmọ tó bá sì ń wá ìtàn bí ìyá rẹ̀ ṣe sá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nílé ìwé, lẹ́nu ìyá àgbà fúnra rẹ̀, kò ní rí i láàárín igba PTT.